Bàtà Tó Kọjú sí Ìta

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà 2025

Ẹni tó kó wá sí yàrá òdìkejì tún kí mi lónìí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Láídé lorúkọ rẹ̀, ó ń rán kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òpèbí. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín ní Dọ̀pẹ́mù yìí, níbi tí a ò ti ríná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Kò lọ́kọ, kò lọ́mọ. Yàrá mẹ́ta ló ṣófo nínú ilé Alhaji Jimoh, àfi èyí tó dojú kọ tiwa ló wù ú.

Bí Agbo, ìjọ tí a sá kúrò nínú rẹ̀, ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Tí ẹnìkan bá jáde, wọn kì í lé e. Wọ́n á rán ẹlẹ́rìn-ín kan tì í. Wọ́n ti rán èmi náà rí — obìnrin kan ní Onígbòǹgbò, mo bá a ṣọ̀rẹ́ títí ó fi padà. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. N kò fẹ́ rántí rẹ̀.

Èmi kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún. Moyọ̀ ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, inú Agbo ló ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọdún kan péré la ṣẹ̀ṣẹ̀ lò níta.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà

Mo ti mú un!

Sílípáàsì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà — gìgísẹ̀ sí ilẹ̀kùn, orí sí ìta. Ó tò gún régé.

Gbogbo ayé tó bá bọ́ bàtà wọlé, orí bàtà a kọjú sílé. Ará Agbo nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ yí i padà. Wọ́n ní Ìpè ọ̀run lè dún nígbàkigbà, ẹni tó bá ń wá bàtà kiri á ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ẹni tí o bá fẹ́ràn, wàá bá a yí tirẹ̀ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde, sílé ni mò ń kọ orí bàtà mi sí lálaalẹ́, n ó sì wò ó dáadáa kí n tó sùn. Ayọ̀ mi kékeré nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà. Iléyá.

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ẹran wá, abọ́ kún dẹ́nu. Ará Agbo kì í fẹnu kan ẹran Iléyá. Ṣé kì í ṣe tiwọn ni? Rárá o. Ó mọ̀ pé n ó rò bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi gbé e wá nìyẹn. Onífìlà kì í rán òmùgọ̀ níṣẹ́. (Onífìlà ni olórí wọn. N kò lè pe ẹni yẹn ní bàbá mọ́.)

Mo jẹ ẹran náà ṣá. Ó dùn. Moyọ̀ ní inú ń run òun, kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Láti àárọ̀ ni Moyọ̀ ti wà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, ó ń kọ́ ọ ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàtà tún kọjú sí ìta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Mo ṣọ́ ọ. Láàárọ̀ kí n tó lọ sí iléeṣẹ́ bisikíìtì: bàtà kọjú sílé. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Moyọ̀ ti wọlé lọ kọ́ṣẹ́: ó kọjú sí ìta. Àṣé ọmọ mi ni Ẹlẹ́rìn-ín ń fi àmì hàn! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Moyọ̀ rán àpò kan fún mi. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́, bíi ti bàbá mi. Làsísì, télọ̀ Òkè-Kòtò. Nígbà tí wọ́n kú, Onífìlà ní òkú ayé ni, kí n má lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù wọn, orí ẹní ni mo wà nínú Agbo, mò ń gbààwẹ̀, mò ń ṣe àmín. Ọ̀kadà kan péré ló gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé Òkè-Kòtò. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an.

Wọn ò ní gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Mo sọ fún Alhaji Jimoh. Mo ní ẹgbẹ́ tó ń tan ọmọ ọlọ́mọ ló rán an wá. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Ìyá Moyọ̀, ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣó dá yín lójú?" Mo ní bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú ni. Àwọn náà ní ọmọbìnrin nínú ilé. Wọ́n ní àwọn á ní kó máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà

Ẹlẹ́rìn-ín wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí lòun fi ṣẹ̀ mí. Mo ní bàtà. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wò mí.

"Bàtà kẹ̀, Mọ́mì Moyọ̀? Èmi tí mo máa ń bọ́ ọ jù sílẹ̀ ṣá?"

Ó mọ irọ́ pa. Moyọ̀ dúró sídìí kọ́tìnì, ó ń gbọ́. Kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

Ó ti lọ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹfà

Moyọ̀ ló sábà máa ń jí ṣáájú mi. Lónìí, èmi ni mo kọ́kọ́ jí.

Bàtà mi wà nídìí ilẹ̀kùn, orí sí ìta. Tèmi! Sílé ni mo kọ ọ́ sí lánàá, mo wò ó. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Àwa méjì la sùn nínú yàrá yìí.

Mo jókòó ti bàtà náà títí Moyọ̀ fi jí. Ó rí mi, ó rí i. Ẹkún ló bú sí kí n tó bi í ní nǹkan kan. Ó ní alaalẹ́ lòun ń yí i tí mo bá ti sùn, òun á sì dá a padà kí n tó jí. Ti Àǹtí Láídé náà, òun ni. Ó ní wọ́n ṣe òun lóore, òun ò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́kù sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin náà, Mọ́mì. Tí Ìpè bá dún, ẹ ò ní tètè rí bàtà yín. Mi ò fẹ́ lọ láìsí yín."

Mo pe Láídé. Kò gbé e. Mo tún pè.

Kò sẹ́ni tí wọ́n rán sí wa. Wọn ò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Moyọ̀ nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà Agbo, tí mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ orí bàtà sí ìta. Ó ṣe tirẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣe tèmi náà, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un.