Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Dúró Ná

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ibi tí ẹ ti ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá ti di ṣọ́ọ̀bù oníke, síbẹ̀ bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, imú mi ṣì máa ń gbóòórùn íǹkì. Ta ni mo fẹ́ sọ fún tó máa gbà mí gbọ́?

Fóònù mi ló kó mi lọ́kàn sókè láìpẹ́ yìí. Ohùn yín kan ṣoṣo tó kù fún mi láti ìgbà tí ẹ ti papòdà ló wà nínú rẹ̀, èyí tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ́ mi bí a ṣe ń nu ẹ̀rọ. Mo ní kí fóònù gba àtúnṣe tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́, ni bátìrì bá kú kó tó gbà á tán. Láti ìgbà náà, á tàn, á kú, á tún tàn.

Mo gbé e lọ bá Bùnmi, ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe l'Ágbowó. Ó ní ọpọlọ àgbà kan wà nínú fóònù, ọpọlọ kékeré kan sì ń ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ohùn. Bí fóònù bá jí, àgbà ló ń gbé ìlànà iṣẹ́ fún kékeré, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ wo òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ lára ìlànà náà. Ìlànà inú tèmi ti bàjẹ́ nígbà tí bátìrì kú, òǹtẹ̀ kò bára mu mọ́, àgbà bá kọ̀ jálẹ̀, fóònù ò sì lè jí tán.

"Màmá, ọ̀nà kúkúrú wà o. Kí n tú àgádágodo rẹ̀, kó máa gba ohunkóhun láìwo òǹtẹ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á pa rẹ́."

"Ohùn bàbá mi á pa rẹ́? Má dán an wò!"

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá, èmi tí mo máa ń ná iyọ̀ bí ẹni ń ná aṣọ òkè. Lọ́jọ́ náà mi ò ná nǹkan kan. Mo ní kó wá ojúlówó ìlànà tó ní òǹtẹ̀ iléeṣẹ́, bó ti wù kó wọ́n tó.

Bí mo ṣe jókòó tì í, ẹ̀yin ni mo ń rí. Ẹ ò jẹ́ fi pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a ya iṣẹ́ sí, ti ẹnikẹ́ni sẹ́nu ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó ti fọwọ́ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ àlùfáà tó ń kánjú. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá ká tó yọ pléètì, ká nu íǹkì kúrò, kí iṣẹ́ ẹlòmíì tó wọlé. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín kò nu rọ́bà ẹ̀rọ, tí orúkọ ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ sin hàn fírífírí lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó? Ìyá ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè! Ẹ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gààrí la sì ń mu títí oṣù fi parí. Ṣé ẹ ti lè rẹ́rìn-ín sí i báyìí?

Bùnmi ní bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù: bí wọn ò bá dá ọpọlọ kékeré dúró kí wọ́n tó gba àyè tó ń kọ nǹkan sí fún ẹlòmíì, á máa kọ tirẹ̀ lé ti onítọ̀hún lórí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ta ló kọ́ àwọn tó ṣe fóònù níṣẹ́ yín?

Ojúlówó náà wọlé. Fóònù tàn, kò kú. Mo gbé e sétí. Ariwo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ jáde, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ̀yin: "Má tíì fọwọ́ kàn án, Àjíkẹ́. Jẹ́ kó dúró ná."

Kò sẹ́ni tó ń fi oríkì yẹn pè mí mọ́.

Ẹ̀rọ ti dúró tipẹ́, Bàbá. Èmi ni mi ò tíì lè yọ pléètì yín kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ yín, tó ṣì ń rí íǹkì yín lábẹ́ èékánná rẹ̀.