Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Tọ́ Sí Mi

Ifangni, alẹ́ Ọjọ́rú

Ojú ń tì mí. Kọ̀ǹpútà aláìlára, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà, tí mo gbé sínú kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn, èyí tó ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn, ṣàdédé dúró láàárọ̀ yìí. Kí n tó yẹ ohunkóhun wò, mo ti bi Màmá Ráfíátù tó ń gbálẹ̀ bóyá ó fọwọ́ kan okùn iná. Mo tún fi sùúrù ṣàlàyé fún ọ̀gá ilé ìwòsàn, níwájú Màmá, bí iná tó já ṣe ń dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró.

"Pàdọ́ọ̀, mùsíọ̀, ẹ má bínú. Ìgbálẹ̀ tèmi yìí, gbogbo nǹkan ló máa ń fà!"

Ìyá tó lè bí mi ló kúnlẹ̀. Ọ̀gá ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó má wá síṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo wá yẹ̀ ẹ́ wò, okùn iná ò já rárá. Àyè ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà ńlá ló tán. Kí n tó tún ohunkóhun ṣe ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ náà pamọ́, nítorí ìṣọ́ra, n kì í sì í pa á rẹ́. Àwọn ẹ̀dà mi ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

Mo pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́. Ẹ̀rọ jí.

"Alihamdulilahi!" Màmá ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun tí ẹ dárí jì mí."

Ọ̀gá wà níbẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́.