Ètò tí Màmá ní kí n bá òun ṣe

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin, 2025. Ọ̀yọ́.

Mo gbé Màmá kúrò ní ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́ wá sílé lónìí. Jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. Kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ni wọ́n wí. Ó dáa. Kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí, mo ti to gbogbo rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fáànù, omi, obìnrin tí yóò máa fọṣọ. Iṣẹ́ tó ṣeé ṣe kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tí kò ṣeé ṣe ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó tì.

Màmá ń wo kọ́tìnì. Atẹ́gùn ń fà á síta, ó ń tì í padà sínú. Ó ní, "Ó ń mí." Ariwo ọjà Akẹ̀sán ń bọ̀ lókèèrè bí omi tó ń ṣàn lórí òkúta. Mo sùn lọ lórí àga. Èmi. Lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Elijah ló kó wọn wá — Wòólì ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ó ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ó ti rù kan egungun. Àdúrà lórí àdúrà. "Ẹ ó lo ọgọ́fà ọdún!" Gbogbo ilé ṣe Àmín. Màmá ò ṣe é. Ó di ojú, mo rò pé oorun ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Ọgọ́fà? Ẹni tó ń gbàdúrà yẹn, ṣé inú ti run ún rí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Ó pè mí láàárọ̀, kó tó lo oògùn. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Jọkẹ́, ìwọ lo ṣètò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ lo ṣètò ìsìnkú bàbá yín, ọbẹ̀ ò tán, àga ò dín. Bá mi ṣètò èyí náà."

Mo ní èwo, mà.

"Ìlọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Mo jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo tàn án. Mo pa á. Mo tún tàn án.

Ọjọ́rú, 9

Mo ń kà nípa irú ìlọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Àwọn ìlú kan wà tí dókítà lè fún aláìsàn tí kò ní yè ní oògùn tó máa fi sùn lọ, bó bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè, tí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Àwọn aṣòfin ìlú Ọba ń jiyàn lé e lọ́wọ́ báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀wọ̀n ni. Kí ló dé? Ẹni tó ni ara ló ni ìrora. Ètò tó mọ́ ni. Mi ò rí ibi tó ti wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10. Ògbómọ̀ṣọ́.

Kajú ni mo ń rà tà; àsìkò rẹ̀ nìyí, ọjà ń wọlé, mo ní láti wá. Ní ilé ìkẹ́rù wa lẹ́yìn ìkóríta Takie, mo sọ ọ́ fún Sàídù, alájọṣe mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú ibòmíràn. Ó ń ṣa kajú tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára, kò gbójú sókè. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀mí kì í ṣe ọjà tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ má bàa bá mi jà. Bí wọ́n bá fi ṣe òfin níbí, ìyá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Kì í ṣe ìrora ló máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ ni yóò wò, á rí i pé òun ti sú wọn."

Mo ní kó dákẹ́, kó máa ṣa kajú. "Mo ti dákẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kí n tó wa mọ́tò kúrò, mo wo ojú ara mi nínú dígí. Mo wò ó pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Mo lọ bá Dókítà Moyinolúwa, ẹni tó ń tọ́jú Màmá. Mi ò yí ọ̀rọ̀ po. Kò bínú. Ó ní, "Mà, mo lè bá ìrora jà. Mi ò lè lé ìyá yín lọ." Ó fi kún oògùn olómi tí Màmá ń lò, ó ní ó lè máa sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ẹni tí oògùn ò ràn ńkọ́? Ó ní, "Àwọn yẹn ni mi ò lè gbàgbé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12. Ọ̀yọ́.

Oògùn náà gbé Màmá lọ sí ibì kan. Ó ní òun wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ti tò, gbogbo wọn wọ funfun, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Tísà ni títí wọ egungun. "Wọ́n ń dúró kí n lu agogo. Mi ò rí agogo." Mo bá a wá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbé aṣọ ìbora, mo wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Wòólì dé. Mo sọ ohun tí Màmá bèèrè fún un, torí mi ò lè dá a gbé mọ́. Ó ní apànìyàn ni mí. Ó ní ẹ̀kọ́ òwò tí mo kọ́ ti sọ mí di ẹni tó ń wo èèyàn bí ọjà tí kò tà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ààwẹ̀ yín ò tíì mú nǹkan kan fúyẹ́ o, àfi ìkòkò ìyàwó yín." Ọ̀rọ̀ burúkú. Ó lọ láìdágbére.

Ọjọ́ Àìkú, 13. Ọjọ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ.

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. A rò pé ó sùn.

Ó pe àwa méjèèjì. Ó ní nígbà tí ìyá òun fẹ́ lọ, àwọn ọmọ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ní, "Mo yọ̀nda yín." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn. Ẹni tí ọmọ ò bá yọ̀nda, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní kí àwa náà ṣe é.

Wòólì dọ̀bálẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ Màmá mú, ó ní, "Màmá mi, mo yọ̀nda yín." Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, ketekete, lẹ́yìn gbogbo ariwo àná.

Ó kàn mí. Èmi tí mo ti ka òfin oríṣiríṣi ìlú. Èmi tí mo fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ sí i. Mo dìde. Mo ní mo gbé nǹkan kaná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Ọjọ́ Ajé, 14

Sàídù pè. Mi ò gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Òjò rọ̀, lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn. Gbogbo pálọ̀ ń rùn bí erùpẹ̀ tútù, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn wà lábẹ́ omi. Inú Màmá ń run ún látàárọ̀, oògùn ò ràn án. Ó ní ètò òun ti pẹ́ jù. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ìwọ ló kù, Jọkẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó fúyẹ́, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn dì mú lójú àlá. Mo ní, "Mo yọ̀nda yín, mà." Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹnì kan ló sọ ọ́ láti yàrá kejì.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ó sùn. Mo jókòó tì í. Mo ti mọ ẹni tí màá kọ́kọ́ pè bó bá lọ.

Ọjọ́rú, 16

Kò lọ.

Ó jí, ó ní òun fẹ́ jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó jẹ díẹ̀, ó lá ọwọ́. Wòólì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó ṣáá. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Àjíǹde di Sọ́ńdè." Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Wòólì náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ láìparí, mo bá bèèrè. Ètò tí ẹ ní kí n ṣe ńkọ́, mà?

"Fi í sílẹ̀ ná. Ara mi fúyẹ́. Òní dùn."

Bí mo bá ti rí i ṣe lánàá ńkọ́?

"Ǹ bá ti sùn. Ǹ bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Bí ó ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jà lẹ́nu rẹ̀.

Lánàá, bẹ́ẹ̀ ni. Lónìí, rárá. Orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ méjèèjì. Èwo ni òfin máa kọ sílẹ̀? Mo ṣì fẹ́ òfin yẹn — mo kọ ìyẹn, mo fàmì pa á, mo tún un kọ.

Nírọ̀lẹ́, ìrora padà dé. Kò ké. Ó ń fọwọ́ tálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì títí ó fi rí ọwọ́ mi. Ó dì í mú, agbára ṣì wà níbẹ̀. Mo tẹ etí mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀, mo ń retí èyí tó máa sọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé rárá. Ó kàn dì í mú.