Sílíńdà Àwọn Àlejò Bọ̀ọ̀dá Láyí

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun,

Mo kí yín o. Ṣọ́ọ̀bù gáàsì yín l'Agbowó ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹ kàn fúnra yín, èyí tó ṣì ń mì. Kò sí iná láti àárọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti lọ fún ìsinmi, oníbàárà ò sì pọ̀. Àyè wà fún mi láti bínú dáadáa.

Bọ̀ọ̀dá Láyí ló ń bí mi nínú. Ẹ kọ́ mi pé ẹ̀gbọ́n mi ni, kí n máa fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀wọ̀ yẹn ti tán. Láti ọdún méjì tí ẹ ti lọ, àkọ́bí yín ti di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ kan tó ń so àwọn oníṣòwò epo àti gáàsì ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ tàwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà. Àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà ni wọ́n kọ sára bánà ńlá tí wọ́n ta síwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road. Tó ń dàgbà! Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin dàgbà, ẹ darúgbó, ẹ papòdà, orílẹ̀-èdè ṣì ń dàgbà lọ. Kí ló ń jẹ tí kò fi tóbi?

Ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n fẹ́. Ibí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ibùdó àkọ́kọ́ tí wọn ó ti máa ta gáàsì tó ń bọ̀ láti òkè òkun, nínú sílíńdà tiwọn. Wọn ó wó gbogbo ohun tí ẹ kọ́ síbí. Àwa méjì péré lẹ bí, ìdí nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá Láyí fi ń bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ síwèé. Ó pè mí sí ìpàdé wọn ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo lọ.

Háà, Bàbá, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Àwọn ọkùnrin onísúùtì tí wọn ò fọwọ́ kan sílíńdà rí láyé wọn ń sọ̀rọ̀ gáàsì láti aago mẹ́sàn-án títí ebi fi ń pa gbogbo wa. Àlejò á sọ èdè tirẹ̀, ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀ sí Òyìnbó, Bọ̀ọ̀dá Láyí á sì máa mi orí bí alángbá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ nítorí fọ́tò. Sílíńdà tuntun kan tó ń dán gbinrin wà lórí tábìlì láàárín òdòdó, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn bí ọmọ tó ń ṣọjọ́ ìbí.

Èmi wo ẹnu ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀, pé kí n tó wo ara sílíńdà, kí n wo ẹnu. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àtàǹpàkò yí ẹnu sílíńdà oníbàárà ká, tí ẹ ó fi omi ọṣẹ pa á, tí ẹ ó dúró wò ó bóyá yóò máa hó, ká lè mọ̀ bóyá gáàsì ń jò? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa pòṣé, ẹ ó ṣì máa wò ó. Ẹnu sílíńdà orí tábìlì yẹn ò jọ tiwa rárá. Mo ti mú orí páìpù tí a fi ń rọ gáàsì dání nínú báàgì mi, nítorí mo mọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Mo dìde lójú gbogbo wọn, mo tú rìbọ́ọ̀nù, mo fi orí páìpù sí i. Kò wọ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò wọ̀.

Ẹ wo gbogbo ariwo yẹn! Wọ́n wọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gba hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n tẹ ìwé àdéhùn tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, kò sì sẹ́nì kankan nínú wọn tó dán an wò bóyá sílíńdà wọn á wọ páìpù wa. Ẹni tó ń lọ ra ọmọrí ìkòkò lọ́jà Bódìjà, ṣebí á gbé ìkòkò dání. Nígbà tójú tì wọ́n tán, wọ́n ní irin kékeré kan wà tí wọn ó fi sáàárín méjèèjì. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwa àti àwọn àlejò fẹ́ ṣòwò, àárín wa ò sì ní gún àfi tí Òyìnbó bá wà níbẹ̀! Mo gbé báàgì mi, mo wọ takisí Máíkírà padà sí ṣọ́ọ̀bù, n ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lánàá ni lọ́yà wọn mú ìwé mìíràn wá bá mi níbí. Ọwọ́ yín wà níbẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ yín gan-an, pẹ̀lú ìlà tí ẹ máa ń fà sábẹ́ orúkọ yín bí ẹni ń pa ejò. Ẹ ti fún Bọ̀ọ̀dá Láyí ní ṣọ́ọ̀bù yìí kí ẹ tó kú. Torí kí n má bàa pariwo lásán ni wọ́n ṣe ń wá ìfọwọ́síwèé tèmi.

Mo wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà ní ọsibítù ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni gíláàsì ojú yín ṣẹ́, tí mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó ṣe é tán lọ́jọ́ kejì. Èmi ni n ò lọ gbà á. Mo ń sọ ọ́ di ọ̀la, nítorí oníbàárà, nítorí òjò, nítorí pé mo rò ó pé kí lẹ tún fẹ́ fi gíláàsì ṣe lórí ibùsùn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láìsí gíláàsì yẹn, ẹ ò lè ka ohunkóhun. Bọ̀ọ̀dá Láyí mọ̀. Èmi náà mọ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fọwọ́ sí? Ṣé ó kà á fún yín, àbí ó kàn fi ibi tí ẹ ó kọ ọ́ sí hàn yín? Àbí ẹ mọ̀ ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, torí ẹ rò pé obìnrin ò lè dá ṣọ́ọ̀bù gáàsì mú dúró? Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi rọ gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Gbogbo àárọ̀ yìí ni mo ti ń bú àwọn onísúùtì pé wọn ò yẹ nǹkan wò kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, èmi tí n ò lọ gba gíláàsì ojú bàbá mi. Ó dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n tàn yín jẹ ni, mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ forí jì mí náà, torí n ò ní fún wọn. N ó ṣílẹ̀kùn láago méje, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n wá gbé mi. N ò kọ̀ sí yín lẹ́nu rí láyé yín. Eléyìí nìkan ni.

Mo fẹ́ràn yín, pẹ̀lú bí mo ṣe ń bá yín jà yìí,
Èmi ọmọ yín obìnrin.