Àdúrà tí Bàbá Láníkẹ́ Gbà Nítorí Iṣẹ́ Wọ́dà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ètò o, ohùn yín kò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìkìrun ni mo ń gbé. Mo jáde ní poli, iṣẹ́ wọ́dà ló sì wù mí.

Nígbà tí a lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn Láníkẹ́, àfẹ́sọ́nà mi, ní Òkukù, bàbá rẹ̀ bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń wá. Mo sọ ọ́. Bàbá fọwọ́ yí orí ká, wọ́n ta ìka: "Kò sẹ́ni tó máa mọ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n nínú wa o!" Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, torí ọmọlúàbí ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n lọ fi àbúrò Láníkẹ́ sẹ́wọ̀n nítorí jìbìtì. Bàbá pè mí: "Àna mi àtàtà, ìgbà wo ni wọ́n máa gbà ọ́ síṣẹ́ wọ́dà yẹn gan-an? Wàá máa bá wa yọ́ mú fóònù wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n fún àbúrò rẹ. Bí o bá kọ̀, gbàgbé Láníkẹ́."

N kò tíì wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ti ń kọ́ mi níwà ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára bí ọbẹ̀ tó ti kan. Ẹ̀yin olùgbọ́, bàbá ti gbàgbé àdúrà wọn. Ṣé ó burú bí mo bá di àmín tèmi mú, kí n wá ìyàwó lọ síbòmíràn?