Nínú Géèmù Yẹn, Ẹnìkan Kì í Kíni

Ẹ̀yìn Ọjà,
Tápà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Sàláúdéènì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àìṣát ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣé é fẹnu sọ níbí. Ètè gbogbo wa ti bó, Keturah ìyàwó mi sì ń fi òrí pa mí lára bí ọmọ ìkókó. Ara wa le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣé é sọ lórí fóònù kí gbogbo ilé máa gbọ́, ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn.

O ní kí n wá síídì géèmù oníbọn tí a máa ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Zachariah l'Érúwà nígbà tí a wà nílé ìwé, pé o fẹ́ fi sí ilé géèmù tí o fẹ́ ṣí l'Ábẹ́òkúta. O sì bi mí bóyá ó ṣì dùn, àbí ojú ọmọdé la fi rí i nígbà yẹn.

Mo rí i. Mo tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo rà lọ́wọ́ Bọ̀dá Zachariah nígbà tí wọ́n kógbá wọlé, mo sì gbá a láti ọjọ́ Àìkú títí di Ọjọ́rú. Kíkí ọmọ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní orí àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bíi páálí ọṣẹ. Òótọ́ ló sọ. Ògiri kan náà ni wọ́n ń tún lò láti yàrá dé yàrá. Ibi tó bá sì jìn díẹ̀ sí ọ, kùrukùru ni, torí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lágbára láti ya ohun tó jìnnà. Ọ̀tá á kàn yọ sí ọ láti inú rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ó dùn, n kò ní parọ́ fún ọ. Èyí tí Kíkí ń gbá lórí fóònù ń jẹ dátà, ó sì ń fi dandan lé e pé kí o wá fowó ra fìlà àti bàtà fún èèyàn inú rẹ̀. Tiwa kò bẹ ẹnikẹ́ni. O tàn án, o sáré, o yìnbọn, ó parí. Ìka mi rántí gbogbo kọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì, ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn. Ó lé lógún ọdún, kò gbàgbé ẹyọ kan. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà.

O kò tíì gbọ́ pé mo ti di ọlọ́dẹ. Má rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kọkànlá tí wọ́n ti jí àgbẹ̀ méjì gbé lójú ọ̀nà oko wa, a máa ń ṣọ́ ọ̀nà láàárọ̀ tí àwọn èèyàn bá ń lọ sóko. Búrẹ́mọ̀ tí a jọ ń gbá géèmù ni olórí wa. Ìbọn ṣakabùlà kan ṣẹ́ kù tí kò lẹ́ni tó máa gbé e. Búrẹ́mọ̀ ní kí wọ́n gbé e fún èmi Tíṣà Malachi, pé nídìí géèmù l'Érúwà, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tèmi. Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ìbọn fún mi. Ká sọ tòótọ́, orí mi wú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, èmi nìkan ló wà nídìí igi ìyeyè. Ọyẹ́ bo ọ̀nà, n kò rí ju ìwọ̀nba iwájú mi lọ. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹnìkan yọ nínú kùrukùru, ó gbé nǹkan gígùn kọ́ èjìká. Sàlá, n kò ronú. Mo ti fara ti igi, ìbọn ti wà léjìká mi, ojú mi ti wà láyà ẹni náà, ìka mi sì ti wà níbi tí wọ́n ti ń fà á. Bí mo ṣe ń ṣe é níwájú kọ̀ǹpútà náà ni.

Ẹni náà bá ní, "Ẹ kú ìṣọ́ o. Ọyẹ́ yìí ò ní pa yín lára o."

Bàbá Ràhmọ̀t ni, tí ògiri ilé wa jọ kanra. Igi tí wọ́n fẹ́ fi tún ahéré ṣe ni wọ́n gbé. Wọn kò tilẹ̀ rí mi. Wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan máa ń wà níbẹ̀ ni, wọ́n bá kí kùrukùru. Mo dá wọn lóhùn, wọ́n kọjá lọ, mo sì gbé ìbọn náà sílẹ̀.

Mo ti rò ó títí. Nínú géèmù yẹn, ẹnìkan kì í kíni. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ, ọ̀tá ni. Lọ́dọ̀ tiwa, a ti máa ń kí èèyàn ká tó mọ ẹni tó jẹ́. Ká ní Bàbá jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo láti kíni, òkú wọn là bá máa sọ báyìí. N kò sọ pé géèmù ló jẹ̀bi. Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe òmíràn, ìyìn tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ pààyàn. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Mo dá ìbọn padà fún Búrẹ́mọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní fèrè tí màá máa fun bí ewu bá dé ni kí wọ́n fún mi. N kò lè sọ ìdí. Bàbá Ràhmọ̀t gbọ́, wọ́n sì gbé iṣu mẹ́ta wá sílé wa láàárọ̀ àná, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n gba ìbọn náà padà. Wọ́n ní torí pé èmi ni mo wà nídìí igi yẹn ni àwọn ṣe ń jẹ́ kí Ràhmọ̀t ọmọ àwọn tẹ̀lé àwọn lọ sóko. Wọ́n ní, "Tíṣà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni yín. Ẹ ò lè ṣi ìbọn yìn." Keturah dúpẹ́, ó gbé iṣu wọlé, ó gún un lálẹ́. N kò lè fi ẹnu kàn án.

Síídì náà ló wà nínú páálí yìí. Ó ṣì dùn, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ni n kò gbá a mọ́.

Bá mi kí màmá àti Àìṣát dáadáa. Kíkí àti ìyá rẹ̀ ń kí yín.

Tí mo bá ti fi páálí yìí lé dẹ́rẹ́bà Abẹ́òkúta lọ́wọ́, ilé Bàbá Ràhmọ̀t ni mò ń lọ tààrà. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún wọn. Wọ́n lè lé mi jáde, wọ́n sì lè má kí mi mọ́ títí ayé. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé màá kọ́kọ́ kí wọn.

Èmi ni tìrẹ, bí ojú tiẹ̀ ń tì mí,
Malachi.