Ohun Tó Ń Pa Ẹja Òkun Nínú Yàrá Mi

Ilé Álúfà Mùrí,
Ìsàlẹ̀ Ọba,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá, 1986.

Ọládépò, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Tinúọlá ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àkọ́bí yín ti wọ ilé ìwé girama, ó sì ti ń bá ọ jiyàn bí ìwọ náà ṣe máa ń bá àwọn olùkọ́ wa jiyàn nígbà tiwa. Ohun tó tọ́ sí ọ gan-an nìyẹn. Ikùn rẹ náà ńkọ́? Ṣé òun ló ṣì máa ń ṣíwájú rẹ wọlé? Bí o bá béèrè èmi, ara mi le, mo dúpẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, gààrí wà nílé, kànga àgbàlá wa kò sì tíì gbẹ. Ọkàn mi nìkan ni n kò lè sọ pé ó le.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja lo fẹ́ gbọ́. Àmúdà awakọ̀, tó ń bá wa gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun wá láti Èkó, ti jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní o ti ń wá ẹja mìíràn tí wàá fi ránṣẹ́, àti pé o ní kí n kọ̀wé kí n sọ ohun tí mò ń fi àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣe, àbí ọbẹ̀ ni mò ń fi wọ́n sè. N kò fi wọ́n sebẹ̀ o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kú. Gbogbo èyí tí o kó wá ló tẹ̀ lé ara wọn lọ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn èyí kékeré onílà dúdú tó fẹ́ràn láti máa sá pamọ́ sábẹ́ òkúta.

Má bínú pé n kò tètè sọ. Ojú ń tì mí ni. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ aya mi kú lọ́dún tó kọjá, tí ẹbí kí mi tán tí oníkálukú sì padà sílé rẹ̀, ìwọ nìkan lo tún padà wá, pẹ̀lú àpótí gíláàsì ńlá lẹ́yìn ọkọ̀ ibi iṣẹ́ yín. O ní n kò gbọdọ̀ máa gbé inú yàrá tí kò sí ohun tó ń mí níbẹ̀ àfi èmi. Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní ta ló rí ẹja òkun láàyè ní Ìwó rí, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí yìnyín ti mú gan nìkan là ń rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o to àwọn òkúta etí òkun yẹn sínú omi, tí àwọn nǹkan abẹ̀mí tó lẹ̀ mọ́ wọn lára bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí òdòdó, tí ẹja sì ń gba àárín wọn kọjá, mo jókòó síwájú rẹ̀ títí oúnjẹ mi fi tutù. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, àwọn ni mo kọ́kọ́ máa ń kí. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń sọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fojú mi rí lọ́jọ́ náà fún wọn, gbogbo ẹjọ́ wẹ́wẹ́ tí mo máa ń rò fún Bọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí òjò dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo bá ọ̀kan lójú omi, ó ti yí ikùn sókè. Lẹ́yìn èyí, òmíràn. O mọ̀ mí, n kì í gbà pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lásán. Kẹ́ẹ̀gì ni mo kọ́kọ́ mú lọ́ràn. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo tọ́ omi inú rẹ̀ wò, mo sì pe Àmúdà lẹ́jọ́ títí ọkùnrin náà fi búra pé kẹrosíìnì kankan kò wọ inú rẹ̀ rí, pé òróró ni wọ́n fi ń tà tẹ́lẹ̀. Mo ra tuntun síbẹ̀. Ẹja tún kú.

Mo wá di ẹ̀bi ru NEPA. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú iná lọ níbí? Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, mo sì bẹ Ìyá Mùrí, ìyá onílé mi, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá mi ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí Bọ́sẹ̀ ti kú, pé kí wọ́n máa bá mi tàn án bí iná bá lọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹja tún kú. Mo yá ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn ìwúwo omi ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa, mo sì rí i pé ooru ń fa omi lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù, omi sì ti wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀daràn. Mo fi aṣọ dí fèrèsé, mo sì ń fi omi òjò díẹ̀díẹ̀ dí ohun tó ń dín kù. Omi náà wá ṣe déédéé gan-an, ó sì tún pa ẹja lé e.

Ó yẹ kí n sọ ti Ìyá Mùrí fún ọ dáadáa, nítorí o kò mọ̀ wọ́n ju àgbàlagbà obìnrin tó fún ọ lómi mu lọ́jọ́ tí o wá. Hàbíbátù lorúkọ wọn. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, ọmọ wọn, Álúfà Mùrí, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú gbogbo ilé yìí, Ìyá nìkan ló ń wọ yàrá mi. Àwọn yòókù kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tí kò jẹ ẹja rẹ̀, tó tún ń fún un lóúnjẹ, kò lè ṣàì ní nǹkan tó ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá ti kírun Jímọ̀ tán, tí mo sì ti ilé ìwé dé, wọ́n á gbé àkàrà sàráà wá fún mi, wọ́n á jókòó sórí àpótí ìjókòó, wọ́n á máa wo ẹja. Wọ́n á ní eléyìí ń yan bí ọlọ́pàá, wọ́n á ní tọ̀hún jọ aláwìn tó rí olówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bi mí bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí.

Sátidé kan ni ojú mi wá là. Mo ti ń ṣàkíyèsí pé Sátidé ni omi máa ń funfun bí omidùn, tí àwọn ẹja á sì wá máa yanu lójú omi. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí etí gíláàsì ká. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Kí ni èèrà ń wá lórí omi iyọ̀? Mo fi ìka kan ibẹ̀, mo fi í sẹ́nu. Ó dùn. Ọládépò, oyin ni!

Bí mo ṣe mọ ohun tó ń pa wọ́n nìyẹn kí n tó mọ ẹni tó ń fi í síbẹ̀. Bí ohun dídùn bá bọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á rí jẹ, wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ẹja á wá kú bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ yìí, n kò sì rí i nínú yàrá ara mi. Inú bí mi gidigidi. Mo rò pé aláìmoore kan nínú ilé ló ń fi mí ṣeré, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bá a wí.

Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn dé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, mo padà wálé kí ìrun tó tán, mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo sì jókòó sínú yàrá inú tí mò ń sùn sí. Ìyá Mùrí ló ṣílẹ̀kùn. Abọ́ tánńganran kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní "Bísímílà", wọ́n rọra da ohun inú abọ́ náà yíká ojú omi, wọ́n sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Hàǹtú ni. Ìwọ tí o dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi lè má mọ̀ ọ́n: Álúfà Mùrí ló ń fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, ìyẹn pátákó wọn, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á po oyin mọ́ ọn, ẹni tí wọ́n ṣe àdúrà fún á sì mu ún.

Mo jáde sí wọn. Wọn kò ta gìrì, wọn kò sì gbé abọ́ pamọ́. Mo kí wọn, mo wá bi wọ́n pé ṣé ẹja ni wọ́n ń ṣàdúrà fún.

"Ẹja kẹ̀?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Tíṣà, ta ní ń ṣàdúà fẹ́ja? Ìwọ ni mò ń ṣe é fún. Mo mọ̀ pé o ò ní mu ún, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ́. Àmọ́ ojoojúmọ́ lò ń kiwọ́ bọ omi yìí. Mo ní bó bá ti kàn ẹ́ lọ́wọ́, ó kàn ẹ́ náà nìyẹn."

Mo bi wọ́n pé àdúrà kí ni.

"Pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó o máa dá nìkan sọ̀rọ̀ mọ́," ni Ìyá wí. "Mò ń gbọ́ ẹ lára ògiri."

Omi bọ́ lójú mi, n kò lè purọ́ fún ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. Ìṣòro tó wá kù ni pé, bí n kò bá sọ ohun tí mo mọ̀, ẹyọ ẹja tó kù á kú. Bí mo bá sì sọ ọ́, n kò mọ ohun tó máa kú nínú Ìyá. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní oyin inú rẹ̀ ni ara ẹja kò gbà, kì í ṣe àdúrà. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n wo omi títí, wọ́n wá bi mí pé, "Èmi ni mo pa wọ́n?" Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ mi ní kókó ìró wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, omi mi mọ́ gaara. Ẹja onílà ń jẹun dáadáa, ó ti ń jáde sí gbangba, kò sí èèrà kankan mọ́. Ohun tí mo wá títí ni mo rí yìí, n kò sì láyọ̀. Ìyá kò wọ yàrá mi mọ́. Bí mo bá kí wọn lágbàlá, wọ́n á dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á sì yára wọlé. Àkàrà sàráà ṣì ń bọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á da ọmọrí dé e, n ó kàn gbọ́ bàtà wọn bó ṣe ń lọ. Èmi náà kò sì lè bá ẹja sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnìkan ń gbọ́ lódìkejì ògiri, á sì rò pé àdúrà òun kò gbà. Mo wá ń dákẹ́. Yàrá yìí kò dákẹ́ tó báyìí nígbà tí Bọ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Nítorí náà, má wá ẹja kankan fún mi mọ́. Má jẹ́ kí Àmúdà gbé kẹ́ẹ̀gì ju èyí tí ẹyọ kan á lò lọ. Bí ọ̀gá rẹ bá fún ọ láyè, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá, kí o sì mú Tinúọlá dání bí ẹsẹ̀ bá gbà fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀dì kan tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún àkọ́bí yín pé kí ó máa bá ọ jiyàn lọ, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Bá mi kí ìyá rẹ ní Ẹ̀pẹ́, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé ikùn yẹn kò ní jẹ́ kí o dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni òní, wọ́n ti kírun dé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ tí Álúfà Mùrí ń fọ wàláà lẹ́yìn ilé. Mo ti ṣan ife kan. Bí mo bá ti lẹ ìwé yìí tán, n ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá. N ó ní kí wọ́n bu tèmi sí ife náà, pẹ̀lú oyin rẹ̀, kí wọ́n sì jókòó tì mí títí n ó fi mu ún tán. Bí pásítọ̀ bá gbọ́, kí ó gbọ́. N ó rọra mu ún.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Olúdáre.